Bàbá Wáyà àti Ohùn Tí Ṣọ́jà Ò Rí Mú

Ọjọ́ tí ọ̀gá ṣọ́jà gbé rédíò ara rẹ̀ wá fún Bàbá Wáyà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ rẹ̀ obìnrin rò pé ó ti parí fún àwọn nìyẹn. Ẹ̀rọ tí àwọn ajìjàgbara fi ń bú ìjọba ológun lórí afẹ́fẹ́, Bàbá ló ṣe é. Inú fìríìjì àlòkù kan tó dùbúlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń tún rédíò ṣe ló wà. Ọmọ yìí, tó jẹ́ tíṣà, sáré jókòó lé e, ó ń máàkì ìwé, ẹ̀rọ sì ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.

"Ibi yòówù kí n yí i sí, àwọn olóríkunkun yẹn ni mò ń gbọ́," ni ọ̀gá ṣọ́jà wí. "Kí ló ṣe é?"

Bàbá tú rédíò, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó dè é padà.

"Ọ̀gá, kò sóhun tó ṣe rédíò. Ìjọba yín ló yẹ kẹ́ ẹ gbé wá."

Ṣọ́jà náà wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní wèrè ni bàbá yìí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Tíṣà fẹ́ dìde dúpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú.

Àbí wèrè náà kọ́? Níbi tí wáyà kan bá ti tó, mẹ́sàn-án ni Bàbá máa fà. Bí àlejò bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà wọn, fáànù yàrá ló ń yí. Ìyá tíṣà á kàn kígbe láti orí bẹ́ẹ̀dì pé: "Atẹ́gùn ti dé o! Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn!"

Nígbà tí Bàbá wá ní ilé méje lòun máa gbé ẹ̀rọ sí, tóun á sì fi wáyà so wọ́n pọ̀, olórí àwọn ajìjàgbara di orí mú.

"Bàbá, èyí ti lọ́jú pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kan la bẹ̀ yín."

"Ẹ̀rọ kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á fọ́ ọ."

Òótọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ajìjàgbara ń pe gbogbo ìlú jáde, ṣọ́jà fọ́ ẹ̀rọ tó wà nílé aránṣọ, ọ̀kan nínú ilé méje náà. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ohùn ti ń jáde nílé oníbúrẹ́dì: "Ẹ jáde! Ẹ má bẹ̀rù!" Wọ́n sáré débẹ̀, ó ti wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Ìgboro kún fọ́fọ́! Lọ́jọ́ kẹta, ìjọba gbà kí ìlú dìbò.

"Wáyà wo ló ṣiṣẹ́ náà gan-an?" ni tíṣà bi í.

"Má bi mí. Bí èmi bá mọ̀ ọ́n, ṣé àwọn ṣọ́jà náà ò ní mọ̀ ọ́n?"

Lọ́jọ́ ìbò, tíṣà dì í lápá mú lọ. Nígbà tó kàn án, Bàbá di ìwé ìbò mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti kékeré tí tíṣà ti ń wo ọwọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́, kò rí i kó gbọ̀n rí.

"Jẹ́ kí n dúró díẹ̀," ni Bàbá wí, omi sì lé rorò lójú rẹ̀.

Èrò tó wà lẹ́yìn wọn nínú oòrùn yẹn pọ̀ bí eṣú. Kò sẹ́ni tó ní kó yára.