Àṣìṣe Mẹ́ta ní Òkè Ilé Bẹẹrẹ

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé dókítà mẹ́ta tí wọ́n jọ ń du aláìsàn láti Mápó dé Ọjà'ba a máa jókòó pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí oníkálùkù lè jẹ́wọ́ àṣìṣe tirẹ̀. Ẹ má gbà á. Èmi gan-an kò gbà á títí mo fi bá ara mi láàárín wọn.

Àgbà wa ti ń ṣe dókítà ní Bẹẹrẹ láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá là ń pè é. Èkejì, Ẹ̀gbọ́n, ti lo bí ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ ní Òkè-Bọ́lá. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni, mo ṣí kílíníkì sí Bẹyẹrúnkà, kóòtù funfun mi ṣì ń dán.

Níbi gbogbo, àgbà ní í sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Lókè ilé Bàbá, àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo ń wò wọ́n bí ọmọdé ti ń wo onídán.

"Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé ìyá kan láyà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Bàbá wí. "N kò gbọ́ nǹkan kan. Àyà mi já. Ìyá náà ní, 'Dókítà, ọrùn yín ni ẹnu rẹ̀ kejì ṣì wà, ẹ kò tíì kì í bọ etí.'"

"Tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ," Ẹ̀gbọ́n wí. "Mo ní kí Alájì kan lo oògùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo gbàgbé pé ààwẹ̀ ni. Alájì dúró kí oòrùn wọ̀, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó sùn títí sààrì fi kọjá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó wá kàn mí.

Èmi kò rí ẹ̀rín rín, nítorí mo ti pinnu láti ti kílíníkì náà pa. Mo ro ẹjọ́ mi. Aboyún kan wá láti agboolé kan nítòsí mi, ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Mo bi í pé ọmọ mélòó ló ti bí. Ó wolẹ̀. Mo tún bi í. Ó ní, "Ọlọ́run ló ni ọmọ, sà." Ó kéré lójú, mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oyún àkọ́kọ́ ni. Mo ní bó bá ń rọbí kí wọ́n má kánjú, àkọ́bí kì í yá. Ọmọ bọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí takisí. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀. Ọsibítù gba ẹ̀mí ìyá àtọmọ là, wọ́n ti wálé, ó sì yẹ kí n máa wo ìyá náà títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ní kí n má tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́.

"Ṣé ọmọ Ìbàdàn ni ọ́?" Bàbá bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òkè-Adó ni wọ́n bí mi sí."

"O kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi a máa kà wá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀kan má bàa yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló bà á jẹ́," Ẹ̀gbọ́n wí.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wo ni yóò ka ọmọ níwájú ìyá ọkọ? Mo ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Aboyún tèmi kò yè." Ó kọjú sí mi. "Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, 'Ta lẹ pọ̀n kẹ́yìn? Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀?' Èmi ni mo ń fi inú kà á."

Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé Bàbá pàápàá ti fìgbà kan jẹ́ ẹni tí kò mọ̀. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́, sà?"

"Ẹnì kan bá mi jókòó sí kílíníkì fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Màá jókòó sí tìrẹ lọ́la," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìwọ lọ bẹ ìyá ọkọ náà. Bí mo bá gba àwọn aláìsàn rẹ tán, o ò gbọdọ̀ bínú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé náà. Ìyá ọkọ ń ṣa ìrẹsì.

"Ẹ forí jì mí, mà. N kò béèrè bó ti yẹ. Ta ni ìyàwó yín pọ̀n kẹ́yìn kí èyí tó dé?"

Ó wò mí títí. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn àgbà mi ni, mà."

Ó ti ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe ẹnì kan láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin kékeré kan jáde, ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Ìyá tún pè. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin jáde. Òmíràn tún tẹ̀lé e. Mo pa ẹnu mọ́, mo ń fi inú kà. Nígbà tí ẹ̀karùn-ún kí mi tán, ìyá dìde, ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá sókè.

"Ìyá wọn wà nínú," ó ní. "Wọlé lọ wò ó."