Ibi Tí Bàbá Mi Ti Ń Dá Orin Náà Dúró

Bàbá mi ń tún rédíò ṣe. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Rédíò, sipíkà, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ láìní ẹnu. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sórí àpótí kan náà, nídìí tábìlì kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ilé wa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà àti yàrá ìyá rẹ̀. Ògiri náà ò nípọn. Tí ìyá àgbà bá sín, a máa ń kí i láti ìdí iṣẹ́.

Bàbá mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Tí o bá kí i, á gbé orí sókè. Tí o bá tún un kí, á ní, "Mo ti dáhùn." Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ṣé-Ẹ-Gbọ́-Ọ, torí ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa ń bi wọ́n nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tó bá tún ẹ̀rọ kan ṣe tán, á so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, á wá tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Orin kan ló máa ń gbé sí. Olóhùn, obìnrin olórin kan, ló kọ ọ́. Olóhùn la máa ń pè é nílé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún un ní orúkọ nígbà tí wọ́n bí i.

Jìtá tó rinlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ orin náà. Tí pépà inú sipíkà bá ti ya, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ̀n. Ohùn obìnrin náà á wá gòkè. Tí wáyà kan ò bá dì dáadáa, ibẹ̀ ni yóò ti ha. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dákẹ́, Olóhùn á mí. Èémí lásán. Bàbá mi á na ìka sókè.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Tí oníbàárà bá gbọ́ èémí náà, iṣẹ́ ti parí. Bàbá mi á tẹ̀ ẹ́ pa. Kì í jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Ó máa ń ní, "Ẹ̀rọ tó bá lè gbé èémí obìnrin yìí, kò sóhun tí kò lè gbé."

Inú orin yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ó lè dún ní ìgbà méje lóòjọ́. Mi ò sì mọ ohun tó tẹ̀ lé èémí náà. Mo bi í léèrè nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ó ní, "Iṣẹ́ parí síbẹ̀."

Mi ò bi í mọ́. Nígbà tó yá, ojú orin náà tiẹ̀ ń tì mí. Orin àwọn àgbà ni. Mo máa ń jáde síta tó bá ti ń dún.

Àfi bó ṣe di ọdún tó kọjá, tí ọmọkùnrin olórin kan tó kun irun ẹ̀ ní pupa mú orin náà, tó fi kún tirẹ̀. Olóhùn á kọrin títí dé ibi èémí náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọkùnrin náà á ti gbà á lẹ́nu ẹ̀, á máa sáré sọ̀rọ̀. Gbogbo ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń fi fóònù gbé e kiri inú ilé bí ẹni tó bí i.

Ọjọ́ Sátidé kan ni onígbàjámọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì gbé rédíò rẹ̀ wá. Ó bá àbúrò mi tó ń jó lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fún ọ ní orin wa?"

"Orin yín kẹ̀? Orin Màmá ni. Tiwa ni."

"Màmá ta ni? Ojúgbà mi ni Olóhùn! Nígbà tó kọ orin yìí, ìyá tó bí ọ ò tíì hu eyín."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ti ní irun nígbà yẹn? Àbí bẹ́ẹ̀ náà ni orí yín ṣe wà?"

Onígbàjámọ̀ náà gbá orí rẹ̀ tó ń dán mú. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé fi jó o lọ́wọ́. Ìyá àgbà gbá ògiri láti inú yàrá.

"Ẹ yé pariwo lé ọmọdébìnrin yẹn lórí! Ẹ jẹ́ kó kọrin ẹ̀!"

Olóhùn ni ọmọdébìnrin tó ń wí, ó ti lé ní ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti gbọ́ ọ nígbà tí Olóhùn wà ní ẹni ogún ọdún, kò jẹ́ kó dàgbà mọ́. Lọ́jọ́ náà, obìnrin kan ṣoṣo di ọmọ fún ẹnì kan, ó di ojúgbà ẹlòmíràn, àbúrò mi sì ń pè é ní màmá. Bàbá mi ò pè é ní nǹkan kan. Ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Jìtá, ohùn, èémí. Ó na ìka sókè.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ó tẹ̀ ẹ́ pa.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ mú bàbá mi. Dókítà ní kó má ṣe sún mọ́ arúgbó, pé ikọ́ náà lè ràn. Bàbá mi gbé bẹ́ẹ̀dì sínú ṣọ́ọ̀bù. Kò wọ yàrá ìyá rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ ti há, kò lè kí i láti ẹ̀yìn ògiri. Orin náà ló fi ń kí i. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà á gbọ́ ọ dé èémí, á ní, "Ó ti jí. Ẹ ṣeun." Á wá gba tíì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sílé ìwòsàn. A gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jáde kí ìyá àgbà má baà mọ̀. Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Máa tẹ̀ ẹ́ fún ìyá."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà."

"Má jẹ́ kó kọjá èémí."

Mo ní mo gbọ́. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin, tí à ń pè ní Àǹtí, ló kó wa jọ sí ìkóríta. Ìyá tó bí mi ti wà nílé ọkọ mìíràn tipẹ́, Àǹtí ló kù tó lè pàṣẹ fún wa.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún ìyá. Ẹni tó bá sọ fún un, òun ló pa á. Ìwọ, máa tẹ orin yẹn."

Mo ń tẹ̀ ẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó. Tí mo bá jí, màá lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Màá tẹ̀ ẹ́. Màá fi ìka lé ibi tí wọ́n ti ń pa á, màá máa dúró de èémí bí ẹni tó ń dúró de olè. Ó mí, mo pa á. "Ó ti jí. Ẹ ṣeun." Màá jáde. Màá rìn dé ìkóríta, màá padà. Màá fọ ife tí mo ti fọ̀. Màá gbá ilẹ̀ tí ò dọ̀tí. Mi ò jókòó lórí àpótí bàbá mi. Ìdúró ni mo ń jẹun.

Àwọn tó ń wá kẹ́dùn, ìta la ti ń pàdé wọn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, èmi náà á dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé a jalè. Àbúrò mi ò lè wọ yàrá ìyá àgbà mọ́, torí ojú ẹ̀ á tú àṣírí. Ó ní kí n sọ pé ìwé ìdánwò ló ń kà.

Ìyá àgbà á ní, "Ikọ́ bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń lọ sílẹ̀, mà."

"Sọ fún un kó wọ aṣọ òtútù."

"Mo ti sọ fún un, mà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti gbọ́."

"Irọ́ ni. Kì í gbọ́."

Á rẹ́rìn-ín. Màá jáde, màá tún rìn dé ìkóríta.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́. Sipíkà ńlá ti onígbàjámọ̀ wà nílẹ̀. Bàbá mi ti tú u sílẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí wáyà ti já. Mi ò dá iṣẹ́ ṣe rí. Mo ki irin bọ iná. Mo yọ́ òjé lé wáyà náà, kò dì. Mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló dì. Mo dé e padà, mo lọ pe onígbàjámọ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Jìtá wọlé. Kò gbọ̀n. Ohùn gòkè. Kò ha. Gbogbo nǹkan dákẹ́, Olóhùn mí. Mi ò gbọ́ èémí náà kó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kún ṣọ́ọ̀bù. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ìka sókè.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Omi bọ́ lójú onígbàjámọ̀. Ó gbá ọwọ́ tí mo nà sókè mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Háà. Bí bàbá rẹ gẹ́lẹ́."

Ọwọ́ tó yẹ kí n fi pa á ló dì mú.

Orin náà kọjá.

Kò sí jìtá ńbẹ̀ mọ́. Ohùn Olóhùn nìkan ni, ó ń lọ jẹ́jẹ́:

"Mo tẹ́ ẹní fọ́mọ mi.
Ilẹ̀ mọ́, èmi ni mo ká a."

Mo já ọwọ́ mi gbà, mo fò mọ́ ẹ̀rọ náà, mo pa á. Ó ti pẹ́ jù. Sipíkà ńlá ni.

Ìyá àgbà náà ò sọ pé ó ti jí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀pá rẹ̀ tó kan ògiri, ẹ̀ẹ̀kan.

"Wá."

Mo wọlé. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri.

"Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ?"

"Èmi ni, mà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Mo la ẹnu. Irọ́ tí mo ti ń pa láti ọjọ́ yìí ò jáde.

"Má fi ikọ́ dá mi lóhùn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ó ní, "Bàbá rẹ ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó kú. Oṣù yẹn ni orin yìí jáde. Mo ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn. Rédíò wà lókè ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ. Gbogbo wa fẹ́ràn ọmọdébìnrin yẹn. Ó kọrin dé ibi tí o gbọ́ yẹn, mo ṣubú lulẹ̀. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó gun àga, ó pa rédíò. Òun nìkan ló ronú ẹ̀. Àwọn àgbà ń da omi lé mi lórí."

Ó fọwọ́ kan ògiri.

"Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti fẹ́ dé ibẹ̀, á ti sáré. Níbikíbi. Àìmọye rédíò onírédíò ló bà jẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Tó bá wà láyé, kò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀."

Ó kọjú sí mi.

"Ọjọ́ wo ló lọ?"

"Ó pé ọjọ́ méjìlélógún lónìí, mà."

Ó ń ka ìka. Nígbà tó dé ibi kan, ó dúró.

"Ìwọ lo ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yẹn?"

"Èmi ni. Òun ló ní kí n má jẹ́ kó kọjá. Mi ò lè ṣe é, mà."

"O ṣe é. Ọjọ́ méjìlélógún. Ta ló ní kẹ́ ẹ purọ́?"

"Àǹtí ni."

"Mo mọ̀. Ó ti ń purọ́ látìgbà tó ti hu eyín." Ó nu imú rẹ̀. "Lọ tẹ̀ ẹ́ láti ibi tó dúró sí."

"Mà?"

"Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mi ò fi mọ ohun tí ọmọdébìnrin yẹn wí tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń dí mi létí ti lọ."

Mo lọ tẹ̀ ẹ́. Onígbàjámọ̀ ṣì dúró síbi tó wà, kò mira. Mo padà wá sí yàrá. Mo lọ sí ojú fèrèsé. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ ń pariwo ju orin lọ."

Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ohùn náà ń gba ẹ̀yìn mi wọlé. Olóhùn ń pe ọmọ náà. Kò ní kó padà. Ó ń sọ ohun tí wọ́n jọ ṣe ní ọjọ́ tó kẹ́yìn fún un, bí ẹni ń rán ọmọ létí: bí wọ́n ṣe wẹ̀, bí wọ́n ṣe wá bàtà kan tì. Nígbà tó yá, jìtá padà wá. Orin náà tán. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lásán, ó dé òpin, ó pa ara rẹ̀. Mi ò gbọ́ kó pa ara rẹ̀ rí.

Ìyá àgbà gbá ògiri.

"Onígbàjámọ̀! Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ọkùnrin náà dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ. "Mo gbọ́ ọ, mà."

"Máa gbé e lọ. Iṣẹ́ ti parí."

A gbọ́ bó ṣe ń gbé e, tó ń fi kọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jìnnà. Nígbà náà ló tó sunkún.