Ẹ̀wù Pupa Baba Bùnmi

Ẹ jẹ́ n sọ ti Baba Bùnmi fún yín, ìyẹn Sàláhúdéènì Akíndúró, ọkọ mi. Agídí rẹ̀ kò kéré! Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Des Plaines, ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀wù iṣẹ́ wọn pupa fòò, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán yinrinyinrin.

Lọ́dún 1984, ó wọ ẹ̀wù náà bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Síkiọ́rítì tó máa ń ṣọ́ ọ káàkiri bí ẹni ń ṣọ́ olè bá kí i, "Good evening, sir!" Nínú ẹlifétọ̀, obìnrin òyìnbó kan kò di báàgì mọ́ àyà bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá rí i. Ijó ló jó wọlé. Ó ní, "Ìyá Bùnmi, mo ti rí oògùn orílẹ̀-èdè yìí!"

Bí kò ṣe bọ́ ọ mọ́ nìyẹn. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí báńkì, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé òbí nílé ìwé Bùnmi. Ó wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀, ni ọkùnrin kan bá bọ́ bàtà, ó gbé e fún un pé kó bá òun ṣọ́ ọ. Ojú tì mí!

Àǹtí Dọ́rọ́tì, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Albany Park, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Honey, àwọ̀ ara ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹ̀wù." Ọkọ mi gbaná jẹ: "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àtàwọn òyìnbó nìyẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn lèmi!" Bí ẹni pé wọ́n kọ Ìsẹ́yìn sí i níwájú orí.

Bẹ́ẹ̀ oyún wà níkùn mi, inú yàrá kan ṣoṣo la há mọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, hítà sì ti kú. A ti lọ wo ilé ní Skokie lẹ́ẹ̀mejì. Lórí fóònù, wọ́n á ní "Come right over"; tí wọ́n bá ti fojú rí wa, ilé ti bọ́ lọ. Ọkọ mi ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tóun wọ̀ ló fà á. Nígbà tá a tún gbọ́ nípa òmíràn, ó gbé ẹ̀wù pupa wọ̀, a wọ bọ́ọ̀sì.

Obìnrin òyìnbó tó nilé ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo ẹ̀rín! "Finally! Wọlé, wọlé!" Baba Bùnmi yíjú sí mi, ó ṣẹ́jú. Obìnrin náà ní, "Àwọn àpótí wà lókè." Àṣé ayálégbé kan ló ń kó jáde, wọ́n ń retí ẹni tí yóò bá wọn gbé ẹrù. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti gbé àpótí méjì. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ó kó gbogbo ẹrù sínú mọ́tò, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún ayálégbé náà, ó tẹríba. Onílé fi dọ́là kan lé e lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ló wá ní, "Madam, I am Mr. Akíndúró. Èmi lẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nítorí ilé." Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà. Ó ní wọ́n ti gbà á láàárọ̀. Pátákó "For Rent" ṣì wà lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀! Ilé tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ tán!

Mo rọ̀jò èébú lé e lórí ní Yorùbá. Ọkọ mi bọ́ ẹ̀wù, ó sọ ọ́ sórí yìnyín, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì dé ibùdókọ̀ tí òtútù fi dá a padà wá mú un. Ẹ̀wù òtẹ́ẹ̀lì kúkú ni. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò rí i kó sunkún rí, ó sì dùn mí wọra.

Bá a ṣe délé, ó kan ilẹ̀kùn Àǹtí Dọ́rọ́tì, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni." Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó fà á dìde, ó pe ẹgbẹ́ kan tó máa ń gbé irú onílé bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù. Wọ́n rán òyìnbó kan lọ béèrè, ilé tó ti bọ́ lọ sì tún ṣófo fún un. Nígbà tí lọ́yà wọn pe onílé, kíá ló rántí pé ilé wà.

Lọ́jọ́ tá a kó lọ, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ rẹ̀ ni ọkọ mi wọ̀. Àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò rí ọwọ́ ṣílẹ̀kùn. Onílé dúró síbẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe, ló bá di ilẹ̀kùn mú fún un. Baba Bùnmi gbé àpótí kalẹ̀, ó tẹríba, ó fa dọ́là ọjọ́sí yọ lápò, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Thank you, madam."