Neesah Kékeré, Ọmọ Tó Kọ "Jímọ̀ Dé"

Ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, obìnrin kan wà tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé. Aneesah lorúkọ rẹ̀. Tí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ kì í gbèrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá kan á máa pariwo pé ṣòkòtò ọmọ òun ti kúrú, òmíràn á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi etí aṣọ sílẹ̀ dáadáa kí ọmọ lè lò ó fún ọdún méjì. Aneesah á máa rẹ́rìn-ín, á máa gé aṣọ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ló ti jó sí orin rẹ̀ rí títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n, wọn ò kàn mọ̀ pé òun ló ń wọn ìbàdí ọmọ wọn yìí ni.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, Neesah Kékeré ni gbogbo Èkó mọ̀ ọ́n sí. Orin rẹ̀, "Jímọ̀ Dé", làwọn ọmọ fi ń já jáde ní kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. *Jímọ̀ dé, ẹ di báàgì, ẹ jẹ́ ká sáré délé.* Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò lè wọ ọkọ̀ láti Mushin dé Yábàá kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ. Àwọn ọmọbìnrin ń dirun bíi tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, àwọn tíṣà sì ń nà wọ́n sí i.

Mushin ni wọ́n bí i sí, sílé Alhaji Ṣítù télọ̀. Ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti máa ń kọrin bó ṣe ń gán bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni Jude ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Jude yìí ní yàrá kan ní Ìpọ̀nrí tó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ògiri rẹ̀, tó ń pè ní sítúdíò. Ó ní òun fẹ́ gba ohùn ọmọ náà sílẹ̀. Alhaji fajú ro.

"Orin kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Kí ni orin ọ̀hún ń sọ?"

"Ó ń sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ ti dé, Alhaji."

Bàbá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Jímọ̀? Ẹni tó bá ń yọ̀ sí Jímọ̀, kí la fẹ́ tìtorí ẹ̀ bá a wí?"

Kò bèèrè ìyókù, Jude náà ò sì sọ ọ́. Ká ní ó bèèrè ni, ì bá gbọ́ pé ijó ló gba gbogbo èyí tó kù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀. Jude pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú orin, òógùn bo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tó wá gbọ́ orin náà lórí rédíò lọ́sẹ̀ méjì sí i, ó yà á lẹ́nu. Ohùn náà tín-ín-rín, ó sì ga, bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń kọ ọ́. Ó ní bóyá bí máìkì ṣe máa ń gbé ohùn èèyàn nìyẹn, inú rẹ̀ ń dùn jù láti bèèrè.

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, ayé ń dùn. Wọ́n ń gbé e láti pápá ilé ìwé kan dé òmíràn, wọ́n ń fún un ní mínírà àti kéèkì. Òfin kan ṣoṣo ni Jude fún un: kó máa jó, kó máa la ẹnu, kó jẹ́ kí síìdì kọ orin. Ó ní bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Neesah ò sì bá a jiyàn, nítorí ijó gan-an ló fẹ́ràn.

Ọjọ́ kan ló wá bà á jẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n wà ní gbọ̀ngàn kan ní Yábàá, iná lọ. Síìdì dákẹ́ lójijì. Àwọn èèyàn ní kó fẹnu ara rẹ̀ parí ẹ̀. Neesah gbé orin náà láti ibi tí síìdì fi í sí, lókè lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ sì fọ́ yángá. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé, "Ohùn rẹ̀ ti lọ!" Neesah gbà á gbọ́.

Kò sí ohun tí kò lò sí i. Ó jẹ orógbó, ó lá oyin, ó mu omi atalẹ̀ gbígbóná láàárọ̀. Ohùn ò gòkè. Ó padà sídìí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, kò sì bàjẹ́ fún un níbẹ̀, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, ó fẹ́ Quadri tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà, tó ń rí àléébù tuntun lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà títí Alhaji fi bi í pé kí ló ń wá gan-an. Wọ́n bímọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Aneesah ò kọrin létí ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì ń dùn ún.

Ọdún yìí ni orin náà tún jáde lórí fóònù, táwọn ọmọdé tún ń jó o. Ummulkhair, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ó ju báàgì sílẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ní òpùrọ́ ni mí. Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ 'Jímọ̀ Dé', gbogbo kíláàsì ń pè mí lópùrọ́."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ẹ máa wá kọ ọ́ níbi pátì ìparí ọdún. Àǹtí Evelyn, tíṣà wa, ti kọ orúkọ yín sínú ètò."

Tí Aneesah ò bá lọ, òpùrọ́ lorúkọ tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ́ títí yóò fi kúrò nílé ìwé náà. Tó bá sì lọ, tí ohùn rẹ̀ tún fọ́ bíi ti Yábàá, wọ́n á fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó di Ìpọ̀nrí, ọ̀dọ̀ Jude. Jude ti yọ ikùn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń háyà fáwọn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ṣùgbọ́n fóòmù ṣì wà lára ògiri rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Jude, ẹ bá mi wá síìdì yẹn. Ẹnu ni mo kàn máa là. Ohùn mi ti bàjẹ́ tipẹ́."

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Ṣé ẹ ò rántí Yábàá ni? Mi ò lè gun ibẹ̀ yẹn mọ́."

Jude họ orí. "Neesah, o ò gun ibẹ̀ rí o."

"Kí lẹ wí?"

"Ohùn ẹ nípọn nígbà yẹn. Àwọn tó fẹ́ tà á ní ọmọ kékeré làwọn ń fẹ́, pé èyí ń dún bí ìyàwó ilé. Ni mo bá fi kọ̀ǹpútà fà á sókè. Ìdí tí mo fi ní kó o máa la ẹnu nìyẹn. Mo rò pé o mọ̀ jàre!"

Ó tú àwọn wáyà, ó wá ohun tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá jáde, ó rọ̀, ó nípọn, ó tutù. Ohùn tí Aneesah fi kí aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún!" ló fi pariwo. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń jẹ orógbó, Ẹ̀gbọ́n Jude!"

Jude ṣe àṣìṣe, ó rẹ́rìn-ín. Aneesah fa tìmùtìmù yọ lórí àga, ó fi lù ú títí tó fi sá sẹ́yìn tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé òun náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí kò ṣe dùn láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ohun tó lọ. Ohùn rẹ̀ ò kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Jude tún ìlù orin náà ṣe kó lè bá ohùn rẹ̀ mu, ó sì fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá sílé ìwé lọ́jọ́ pátì. Ó mú síìdì àtijọ́ náà dání. "Èwo ni kí n fi sí i? Tàtijọ́ yìí ni wọ́n mọ̀ o."

Òtítọ́ ni. Tí wọn ò bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀ ńkọ́? Aneesah wo Ummulkhair níwájú, ọmọ náà jókòó láàárín àwọn tó ń pè é lópùrọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Tèmi ni kẹ́ ẹ fi sí i," ni Aneesah wí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Kì í ṣe òun! Ohùn yẹn kọ́!" Aneesah ò dúró. Ni Ummulkhair bá fò dìde lórí àga, ó ń pariwo, "Òun ni! Òun ni! Ìyá mi ni!" Aneesah gbé ẹsẹ̀ ijó rẹ̀ àtijọ́, Àǹtí Evelyn sì fi igbe ta, ó ní ijó tí wọ́n tìtorí ẹ̀ na òun ní JSS 2 nìyí! Ó tú gèlè, ó bọ́ síta, àwọn tíṣà yòókù tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń di báàgì tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé, Ummulkhair fa ìyá rẹ̀ láṣọ.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Èmi náà ò gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀."

"O ò gba kí ni gbọ́?"

"Pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Bàbá àgbà ló sọ fún mi. Tí mo bá gbọ́ ọ lórí fóònù, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ọmọ ẹlòmíì nìyí. Ìgbà tẹ́ ẹ lanu lónìí ni mo tó mọ̀. Ohùn tẹ́ ẹ fi ń pè mí pé kí n wá jẹun ni."

Aneesah di ọwọ́ ọmọ náà mú, àwọn méjèèjì sì kọ orin náà délé ní ohùn ìsàlẹ̀.