Àkùkọ Ọ̀fẹ́ Tí Ratmi Ń Pín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò lọ fẹ̀rẹ̀, ó bà lé àkùkọ kan tí kò ní ìyẹ́, tí kì í jẹ àgbàdo, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí pa jẹ rí. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, ìlú Malang níbí ní Indonesia sì ni ilé rẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú àkùkọ yìí ni Ratmi, ọmọ Pak Samidi. Ẹ̀yìn ọmọlanke ọlọ́bẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bákísò ni bàbá rẹ̀ ń tà, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ṣù roboto sínú omi ọbẹ̀ gbígbóná. Bàbá á máa ti ọmọlanke lọ, á máa fi ṣíbí lu abọ́, tin-tin-tin, àwọn tí ebi ń pa á sì máa yọjú. Ẹni tí kò bá rà á rí, bàbá á bu ṣíbí kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́ pé kó tọ́ ọ wò. Ó ní ọlọ́bẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, ó mọ ohun tó rò sínú ẹ̀ ni.

Nígbà tí Ratmi dàgbà, iṣẹ́ ìtọ́wò yìí náà ló bọ́ sí lọ́wọ́, àfi pé kì í ṣe ọbẹ̀ ló ń bù. Ó ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ibẹ̀ ló ti ń fún àwọn èèyàn ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù tọ́ wò. Á jókòó tì ọ́, á fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí ọmọlangidi rìn, kó fò, kó já sí kòtò. Lẹ́yìn náà, wàá gbé irinṣẹ́ náà lọ sílé, wàá lò ó fún oṣù kan gbáko láìsan kọ́bọ̀. Bó bá dùn mọ́ ọ, o sanwó. Bí kò bá dùn mọ́ ọ, kò síjà.

Ọ̀gá rẹ̀ tó ń gbé Surabaya, Koh Tjandra, kò fi bẹ́ẹ̀ gba ọmọ aráyé gbọ́. Ó ní bí ọ̀fẹ́ bá dùn jù, ta ni yóò sanwó? Ló bá fi àkùkọ kan sínú èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Géèmù yòówù kí o ṣe, àkùkọ yìí á ṣáà yọ ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, á rọra máa bọ̀ bí olówó, á dúró láàárín, á gbọn ìdí rìgìdì, á tún máa lọ. Ọjọ́ tí o bá sanwó ló máa pòórá. Koh Tjandra ní kò sí ẹni tí àkùkọ kì í sú.

Ibẹ̀ ló ti gbé e gba ibi tí kò gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, àkùkọ ni wọ́n ń yà sára abọ́ bákísò, tinú-tẹ̀yìn. Abọ́ alákùkọ ni ìyá fi bọ́ wa, òun la fi ń ṣe àlejò. Ẹni tó bá rí àkùkọ yẹn, itọ́ á ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù wá gba àkùkọ Koh Tjandra tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Yoyok, ṣe géèmù kan tí àwọn ọlọ́bẹ̀ ti ń fi ọmọlanke sáré ìje. Ó ṣètò rẹ̀ pé bí àkùkọ bá ti yọ, gbogbo ọmọlanke gbọ́dọ̀ dúró kí ó kọjá. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín títí tíì á fi gba imú wọn jáde.

Bí oṣù bá ti ń parí, Ratmi á béèrè bóyá wọ́n máa sanwó. A kì í wo ẹlòmíì lójú ká ní rárá ní Malang. Nggih là ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni. Oríṣiríṣi ni nggih yìí, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ratmi mọ̀, ìlú rẹ̀ kúkú ni, àmọ́ ìrètí a máa di èèyàn létí. Ó ránṣẹ́ sí Surabaya pé gbogbo wọn ti gbà. Ọ̀gá retí, ó retí, kò rí nǹkan kan. Oṣù Yoyok parí, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ gba òmíràn. Ti ìyá náà parí, ó fi orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ gbà á. Bí Mbah Painem tí kò léyín méjì lẹ́nu ṣe di aṣe-géèmù nìyẹn.

Inú bí Koh Tjandra. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá sanwó lójú òun lọ́jọ́ náà, òun á ti yàrá yẹn pa, Ratmi á sì wá sí Surabaya wá máa dáhùn fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí ká Ratmi lára. Eékún bàbá rẹ̀ ti ń dùn ún, òun ló ń bá a ti ọmọlanke gun òkè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí òun bá lọ, ta ni yóò máa tì í?

Nígbà tí Sátidé pé, ó pe gbogbo àwọn oníbàárà jọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó se tíì, Koh Tjandra náà sì dé, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀. Irinṣẹ́ olówó ni Ratmi gbé síwájú wọn, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ fo, kò sí àkùkọ, kò sí adìyẹ. Ọmọlangidi ń rìn, ó ń fò, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Mbah Painem náà wà níjókòó, orúkọ rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀. Àgbà ni, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Nduk, ọmọ mi, àkùkọ yẹn ń kọ́? Àbí ara rẹ̀ ò yá?"

Ratmi ní, "Ara rẹ̀ le, Mbah. Ẹni tó bá ti sanwó ni kì í rí i mọ́."

"Ká sanwó kí wọ́n lé e jáde? Kí ló fi ṣe yín?"

Ratmi rọra béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn bóyá wọ́n máa rà á. "Nggih, Mbak, àǹtí wa," ni wọ́n jọ dá a lóhùn, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àmín. Koh Tjandra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó jáde.

Pak Samidi wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀. Ebi ti ń pa ọ̀gá, ó ní kí wọ́n bu bákísò fún òun. Gbogbo abọ́ alákùkọ ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ni bàbá bá bu tiẹ̀ sínú abọ́ funfun. Koh Tjandra gbé abọ́ dání, kò jẹ ẹ́.

Ó ní, "Pak, ṣé kò sí abọ́ alákùkọ mọ́ ni?"

"Àwọn èèyàn ló ń fi wọ́n jẹun, Koh. Ọbẹ̀ kan náà ṣáà ni."

"Mo mọ̀. Màá dúró."

Ratmi gbọ́. Ó sún mọ́ ọn. "Koh, ẹ má bínú, kí lẹ fẹ́ fi àkùkọ ṣe?"

Ọ̀gá wo abọ́ funfun. Etí rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó ní, "Abọ́ ìyá mi ni."

"Àwọn náà níyàá, Koh."

Ratmi bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n yí i padà: kí àkùkọ máa bá ẹni tó ń tọ́ ọ wò gbé fún oṣù kan, bí oṣù bá pé, kí ó palẹ̀ mọ́ kó máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró, kó máa sanwó oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀gá ní ó dáa.

Mbah Painem ti wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó fi ìgbúnwọ́ gún ọmọ-ọmọ rẹ̀ níhà. "Yoyok, sanwó fún wọn. Orúkọ ta lo tún fẹ́ lọ gbé wá, ti bàbá àgbà rẹ tó ti kú?"

"Nggih, Mbah."

"Kì í ṣe irú nggih yẹn."

Yoyok yọ fóònù, ó sanwó lójú gbogbo èèyàn. Àwọn tó kù rí i, ẹ̀rù bà wọ́n pé àkùkọ tiwọn náà lè lọ, ni àwọn náà bá ń fọwọ́ wá fóònù wọn. Pak Samidi ṣan abọ́ alákùkọ kan, ó bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i, ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá lá ọbẹ̀ títí ó fi rí àkùkọ ìsàlẹ̀ abọ́.

Yàrá òkè yẹn wà ní ṣíṣí dòní. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Ratmi á sọ̀ kalẹ̀, á di ọmọlanke bàbá rẹ̀ mú, wọ́n á jọ gun òkè.

Ààlọ́ mi ti gun òkè tán. Ta ló ń hanrun lórí ẹsẹ̀ mi yìí? Ẹ dìde, ẹ lọ tẹ́ ẹní yín. Àkùkọ ẹ̀yìnkùlé á jí yín láàárọ̀, ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀.