Ọ́ìlì Dúdú Tí Mo Pín Ṣáájú Àkókò

Òórùn ọ́ìlì tó ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì kò jọ òórùn mìíràn. Ó ń run bí irin, ó ń run bí iṣu tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, tó bá sì ti wọ abẹ́ èékánná, ọṣẹ dúdú gan-an kò rí i ṣe. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Òmù-Àrán ni mo máa ń bá ara mi: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, igi máńgòrò kan nítòsí ilé ìdáná, pákó nínípọn méjì tí ọkọ̀ gùn lé, àti èmi lábẹ́ ọkọ̀ náà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Níjọ́sí tí o bá mi nídìí ọkọ̀ tèmi, o bi mí pé kí ló dé tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún mẹkáníìkì bíi ti gbogbo ayé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mò ń ṣọ́wó ná ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Jókòó, kí n sọ òótọ́ fún ọ.

Tíṣà ni ọkọ mi ìgbà náà. N kò jẹ́ pè é ní "ó" nígbà yẹn o, "wọ́n" ni, àní tí mo bá ń dá ronú pàápàá. Lónìí ó ti di "ó", kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mí ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó bá sì mọ̀wé díẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà ló ń wo ọ̀nà Ìlọrin, torí pé ipò tuntun pọ̀ níbẹ̀. Ipò alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ló wọ ọkọ mi lójú. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi, ó ní alábòójútó kì í gun kẹ̀kẹ́. Kò fọkàn tán mẹkáníìkì kankan, ó ní olè ni gbogbo wọn, kò sì fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ dọ̀tí. Bí èmi ṣe di mẹkáníìkì nìyẹn. Yóò dúró lé mi lórí pẹ̀lú ìwé kékeré tó bá ọkọ̀ wá, yóò máa kà, èmi yóò máa ṣe é: nọ́ọ̀tì tí à ń tú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lè dà, nọ́ọ̀tì kejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ́ìlì jíà, ibi tí a ti ń da tuntun sí. Tí mo bá ṣì í, sípánà ni yóò fi kan mí ní orúnkún. Kí ọdún tó yí po, mo lè di ojú mi kí n fi ọwọ́ nìkan mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà.

Ó ń lù mí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún ọ. Ọwọ́ ni o, bẹ́líìtì ni o, ẹsẹ̀ àga ni o, ohun tó bá sún mọ́ ọn ni, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. "Má fèsì!" ni yóò máa sọ bó ṣe ń lù mí, ọ̀rọ̀ kan tó bá sì jáde lẹ́nu mi, ìlù tuntun nìyẹn. Ògiri kan ló sì wà láàárín àwa àti àwọn ará ilé. Bàbá onílé á wúkọ́ nínú yàrá wọn. Ìyá àgbà Mùsùlùmí tí yàrá wọn kan tiwa á gbé tẹ̀sùbáà, wọ́n á máa kà á sókè. Káfíńtà tó ń gbé iwájú ilé á ṣàdédé rí ìṣó tó yẹ kó kàn. Tó bá di òwúrọ̀, gbogbo wọn á kí mi dáadáa, wọ́n á bèèrè ọmọ mi, ojú wọn á sì wà nílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì nìkan ni wọ́n máa ń wò mí lójú. Ikán pọ̀ ládùúgbò wa, kò sí ohun tó sì lè lé e bí ọ́ìlì dúdú tí ẹ́ńjìnnì ti lò tán. Wọ́n fi ń kun igi òrùlé, wọ́n fi ń kun òpó ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà fẹ́ràn ti jíà ní tiwọn, tó ki bí oyin tó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n ní òun ló ń wo èkúkú tó ń ba awọ ewúrẹ́ àwọn jẹ́. Kálukú á gbé agolo rẹ̀ wá, wọ́n á tò sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní ètò mi: mo máa ń da ti àtijọ́ jáde kúrò nínú ọkọ̀, mo máa dí i, mo máa da tuntun sí i, mo máa ṣáná sí ọkọ̀ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, ìgbà náà ni mo tó máa pín ti dúdú. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé bí agolo bá ti kún, iṣẹ́ ti parí.

Lọ́sàn-án Sátidé ọjọ́ náà, káfíńtà ti ṣí òrùlé yàrá ẹ̀yìn, òjò sì ṣú bọ̀ láti apá Rore. Bàbá onílé bẹ̀ mí pé kí n pín ti dúdú kíákíá, pé tí igi òrùlé bá fi lè tutù kí àwọn tó kùn ún, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo ṣàánú wọn. Mo ti dí ti ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì jíà sì wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ nù ún. Mo pín in lójú wọn kí n tó da tuntun sí i: ti bàbá onílé, ti káfíńtà, ti ìyá àgbà. Ọ́ìlì tuntun ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ọkọ mi kò gbà kó sùn níta lójú àwọn ará ilé. Òjò kán sí mi lórí, mo sì yára pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé kí omi má baà wọ ibi tí mo ti ṣí sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi wọlé. Ó ti wọ kóòtù, ó sì ń mí gúlegúle. Ó ní ọ̀gá kan láti Ìlọrin, ẹni tí ìwé ipò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá síbi ìsìnkú ní Ìsánlú-Ìsin, yóò sì padà ní aago mẹ́rin. Ó wo agolo mẹ́ta tó kún, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí.

"O ti ṣe tán, o wá dúró ń tàkúrọ̀sọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ́ìlì..."

Ìgbátí náà gbé mi ṣubú lu pákó. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. "Má fèsì!" Ó ta mí nípàá ní ìhà lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já kọ́kọ́rọ́ tí mo so mọ́ etí aṣọ mi, aṣọ sì ya. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Ó wọ ọkọ̀, kò tíì pa ilẹ̀kùn, ó tún wò mí. "Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ ni?"

Mo mi orí pé rárá.

Iná pupa kékeré tó yẹ kó sọ fún un pé kò sí ọ́ìlì ti kú ṣáájú kí ọkọ̀ náà tó di tirẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, ó sáré gba ọ̀nà lọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà ti le gbẹ bí ìgbà tí ènìyàn ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, àmọ́ ẹni tó ń bínú kì í gbọ́ irú rẹ̀.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ lanu. "Ìyàwó, tuntun ńkọ́?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, Ìyá."

Wọ́n wo inú agolo wọn. Bàbá onílé náà wo tiwọn. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Wọ́n ní kí n má fèsì, Bàbá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá onílé wúkọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, káfíńtà sì sáré gbé agolo tirẹ̀ lọ kun igi.

Ó yẹ kí n sá. Ilé bàbá mi ní Rore kò jìnnà, ọmọbìnrin mi ọlọ́dún mẹ́rin sì lè rìn. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo gbé e lọ, mo padà wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo rò ó pé ẹ́ńjìnnì ti há mọ́ ara rẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, pé ọkọ̀ ti dojú dé, pé ó wà lábẹ́ rẹ̀ bí èmi náà ṣe máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé inú mi kò bàjẹ́ sí ohun tí mo rò yẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ọkọ̀ ti kú mọ́ ọn lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, irin títẹ̀ tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè sí mi. Mo gbé apá òsì sókè, mo gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe kán kí ó tó dùn mí. Ìkejì bà mí lẹ́yìn. Mo ṣubú sínú ẹrẹ̀ tí ọ́ìlì ti dà sí, mo fẹ́ dìde, ọwọ́ mi ń yọ̀. Mo rí irin náà nígbà tó lọ sókè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo sì mọ̀ pé orí mi ló ń bọ̀ wá bá. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ìyá àgbà.

Ìyá àgbà da agolo ọ́ìlì jíà náà sí i lójú, gbogbo rẹ̀. Ó ké, irin bọ́, ó di ojú mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìyá àgbà, tí n kò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí, fi agolo òfìfo náà lù ú léjìká. "Ọ́ìlì rẹ nìyẹn! Gbà á padà! Wálláhì, o ò ní pa á lójú mi!" Káfíńtà sáré dé, ó jókòó lé e lẹ́yìn. Bàbá onílé mú irin.

Ọkọ mi ń tu ọ́ìlì jáde lẹ́nu, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ rí i! Gbogbo yín rí i pé ọkọ̀ náà ṣófo, ẹ sì dákẹ́! Ẹ ń wò mí!"

Bàbá onílé gbé irin náà lé èjìká wọn. "Tíṣà," ni wọ́n wí, "ọjọ́ gbogbo la máa ń rí i."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ilé di apá mi, wọ́n sì gbé èmi àti ọmọ mi lọ sí Rore. N kò padà. Ìgbà tí ìyá mi ń tú aṣọ mi kí wọ́n lè wẹ̀ fún mi ni nọ́ọ̀tì jíà já bọ́ sílẹ̀ láti etí rẹ̀ kejì. N kò tiẹ̀ rántí ìgbà tí mo so ó síbẹ̀. Ó wà nílé mi di òní olónìí, inú àpótí abẹ́rẹ́ ló wà. Apá yìí ṣì máa ń dùn mí tí òjò bá ń ṣú.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn náà máa ń yin ìyá àgbà, ó sì tọ́ sí wọn, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ni ọ̀sán yẹn. Inú mi dùn pé wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́ kan náà tó fẹ́ pa mí láti ọdún mẹ́fà ni, n kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀, àfi pé lọ́jọ́ yẹn èmi ni mo jèrè rẹ̀. Mo ti di ọ̀kan nínú wọn fún ìwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ náà fi gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìdí tí mo fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi fúnra mi nìyẹn, kí n má baà gbàgbé.

Níjọ́sí tí o bá mi tí ọwọ́ mi dúdú tó sì gbẹ, n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí o ṣe rò. Ọ́ìlì ni mò ń dà nù lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ilé mi, ó ń ké. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo mú sípánà dání, mo lọ kanlẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan." Mo ní mo gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n máa lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde wá bá mi, ọ́ìlì sì ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.