Ahọ́n Táyé

Òórùn ògì gbígbóná ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ ilé wa ní Igbó-Ọrà. Èéfín igi á ti bo àgbàlá, ìyá wa á bu ògì sínú abọ́ kan fún àwa méjèèjì, èmi Kẹ́hìndé á sì káwọ́ lẹ́rán. Táyé, ìkejì mi, ló ń kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Tó bá ní ó dùn, mo mu. Tó bá ní kò dùn, ebi ò pa mí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ta ló fẹ́ bá mi wí? Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣáájú kó lọ wo bí ayé ti rí. Èmi kàn ń bá iṣẹ́ náà lọ ni. Odò o, ajá aládùúgbò o, kíláàsì tuntun o, Táyé ni mò ń tì síwájú. Tí wọ́n bá bú mi lójo, mo ti há ọ̀rọ̀ ìyá wa sórí: "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

A ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí ibà dá Táyé dùbúlẹ̀. Ó pa eyín dé, kò gba oògùn. Nọ́ọ̀sì ní tí kò bá mu ún, àfi kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn. Táyé la ojú díẹ̀, ó wò mí.

"Kẹ́hìndé, bá mi tọ́ ọ wò."

Mo wo ìyá wa, mo ń retí kó gbà mí sílẹ̀. "Ẹni tó kàn ló mọ̀," ló wí, ó kán oògùn náà díẹ̀ sínú ṣíbí, ó nà án sí mi. Mo fi ahọ́n kàn án. Ó korò dé etí mi, mo sì bú sẹ́kún, torí ìgbà náà ló tó yé mi pé bó ṣe ń rí fún Táyé nìyẹn lójoojúmọ́, tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún mi.

"Ó korò," mo ní, "àmọ́ ó ṣeé mu."

Ó la ẹnu.

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà rò pé tóun bá dàgbà tán, òun ò ní fẹ̀yìn ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn ń tan ara rẹ̀ ni. Ọmọ méjì ni mo ti bí. Nígbà méjèèjì ni Táyé wá láti Èrúwà, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí. Kò tíì bímọ rí, kò ní ohun kan tó lè sọ fún mi. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kó lọ sílé.